Mo Ní Èmi Ni Mo Yà Á

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka abala yìí, mo kí yín. Ọ̀rọ̀ kan há mi lọ́fun bí eegun ẹja, kò lọ sísàlẹ̀, kò sì padà sókè. Ìyàwó mi ò mọ̀ ọ́n. Ọmọ mi ò mọ̀ ọ́n. Lẹ́mọ́mù tí mò ń kírun lẹ́yìn rẹ̀ ní Ṣakí níbí náà ò mọ̀ ọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo máa ń fura nígbà mìíràn pé ó mọ̀ ọ́n, torí pé wáàsí rẹ̀ máa ń dojú kọ mí.

Ǹ bá má sọ ọ́ títí tí wọ́n á fi sin mí. Ohun tó jẹ́ kí n máa sọ ọ́ báyìí ni pé awakọ̀ kan gbé nǹkan wá fún mi ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó sì bi mí ní ìbéèrè kan tí mi ò tíì dáhùn. Ó ń padà bọ̀ wá gba èsì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á tán kí ẹ tó bú mi.

Iṣẹ́ fọ́tò ni mò ń ṣe. Gbogbo orúkọ tí mo máa dá níbí, mo ti yí i padà. Ẹ máa pè mí ní Bàbá Kúdí. Bàbá mi ló kọ́ mi níṣẹ́, òun ló sì fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún mi. Láyé tiwọn, ẹni tó fẹ́ gbéyàwó, ẹni tó ń lọ Mẹ́kà, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ọ̀dọ̀ onífọ́tò ni gbogbo wọn ń wá. Nígbà tí gbogbo ayé wá di onífóònù, tí ìyá arúgbó pàápàá ń ya ara rẹ̀, iṣẹ́ wa bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ó wá ku fọ́tò pélébé tí àwọn ọmọ poli ń lẹ̀ mọ́ ìwé. Mò ń sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ọkàn tí mo ní nígbà náà. Kì í ṣe pé mo fẹ́ fi gbèjà ara mi. Bóyá mo fẹ́ fi gbèjà ara mi díẹ̀.

Bàbá mi tún fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ fún mi. Ó máa ń ní, "Pàǹsá ò fura, pàǹsá já síná, àjà ò fura, àjà jìn." Mo di ọ̀rọ̀ yẹn mú ju bó ṣe yẹ lọ. Bí oníbàárà bá kí mi tẹ̀rín-tẹ̀rín, màá máa rò ó pé kí ló ń wá. Bí aládùúgbò bá gbé sààrà wá, ológbò ni mo máa ń kọ́kọ́ fún jẹ. Ìyàwó mi a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní ológbò wa ló jẹ sààrà jù ní gbogbo Òkè-Ògùn.

Múfútáù gba yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi. Ọmọ Ìgbòho ni, àgbẹ̀ oníṣu ni bàbá rẹ̀ kó tó kú. Ó ti parí ní poli, kò ríṣẹ́, ló bá ń yàwòrán. Ẹ gbọ́ dáadáa o, pẹ́ńsùlù ló fi ń yà á. Pẹ́ńsùlù àti èédú tí ó lọ̀ kúnná. Kì í ya ènìyàn, kì í ya ẹranko. Ìyá rẹ̀ ló kìlọ̀ fún un pé ẹni tó bá ya ohun ẹlẹ́mìí, lọ́jọ́ Àlùkìyáámọ̀ wọ́n á ní kó fẹ́ èémí sí i. Ìyá náà ò tiẹ̀ fẹ́ kó yàwòrán rárá níbẹ̀rẹ̀. Ó jẹ́ kó búra pé ohun tí kò lẹ́mìí nìkan ni òun á máa yà, àti pé kò ní sí ìtànjẹ kankan níbẹ̀.

Nítorí náà, òkúta ló ń yà. Iṣu tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wà, tòun ti iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀. Èèpo igi èmi, igi tí wọ́n ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí, bó ṣe sán wẹ́wẹ́ nígbà ọyẹ́. Igbá tó fọ́ tí wọ́n gán. Tí ẹ bá rí igbá yẹn, ẹ ó fẹ́ fi ìka tọ́ okùn tí wọ́n fi gán an.

Ẹ̀gbọ́n ló máa ń pè mí. Láàárọ̀, tó bá ti dọ̀bálẹ̀ kí mi tán, á gbá iwájú yàrá tirẹ̀, á sì gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù tèmi mọ́ ọn. Mo fura sí ìgbálẹ̀ yẹn náà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé búta kan wá, búta onítánganran tí ìyá rẹ̀ fi ń ṣe àlùwàlá, tó ti bó lẹ́nu. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi ya búta yìí."

Mo ní, "Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

Ó ní, "Nítorí oòrùn ni sà. Tí mo bá jókòó tì í, kí n tó yà á dé ìdajì, oòrùn á ti kúrò lára rẹ̀. Mo fẹ́ máa rí bí ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ ṣe bà lé e."

Mo gbé kámẹ́rà mi, èyí tó ti sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nítorí pé ó já bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo yà á. Mo tẹ fọ́tò kékeré kan fún un. Mi ò rò ó rárá pé ọ̀rọ̀ kan ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ló fi jókòó ti iṣẹ́ yẹn. Lọ́jọ́ tó parí, ó gbé àwòrán náà ti ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó lọ fọwọ́. Àfáà àgbà kan ládùúgbò wa wọlé, ó fẹ́ ṣe àlùwàlá ìrun àsárì. Ó bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́ sí búta inú ìwé. Ọwọ́ rẹ̀ kan ìwé. Ó tún na ọwọ́ lẹ́ẹ̀kejì kó tó yé e.

Ó ké, ó ní, "Súbùhánálláhì! Múfútáù, ṣé o fẹ́ kí n fi ìwé ṣe àlùwàlá ni?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Àwọn ọlọ́kadà tó wà níta sọ̀kalẹ̀ wá wò ó. Ọ̀kan nínú wọn yíjú sí mi, ó ní, "Onífọ́tò, ẹni tó máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín ti dé o." Àwàdà ló ń ṣe. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ẹnu lásán ni. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Mo ní kò ṣeé ṣe. Mo ní ó ti gbé fọ́tò tí mo yà lọ síbi tí wọ́n ti ń tẹ ìwé ńlá, bóyá ní Ìsẹ́yìn, ó wá ń fi pẹ́ńsùlù pa á lójú kí a lè rò pé iṣẹ́ ọwọ́ ni. Bó bá jáde, màá wo ohun tó gbé dání. Bó bá ti ilẹ̀kùn, màá yọjú lójú fèrèsé. Mo rí i tó tẹ̀ ba lórí ìwé, tí imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan pẹ́ńsùlù. Ojú ara mi ni mo fi rí i. Síbẹ̀ mo ní ó mọ̀ pé mò ń wo òun ni, ló ṣe ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan ó lọ kírun, kò ti yàrá rẹ̀. Mo wọlé. Mo fi itọ́ sí ìka, mo fi ra igun àwòrán búta náà nísàlẹ̀. Mo mọ iṣẹ́ mi. Tó bá jẹ́ fọ́tò tí ẹ̀rọ tẹ̀ ni, kò ní ṣí mọ́ mi lọ́wọ́.

Ìka mi dúdú bíi ti ẹni tó ha ìdí ìkòkò. Ibi tí mo rà sì di àbàwọ́n lára ìwé, ìlà ìka mi hàn níbẹ̀ kedere.

Mo sá jáde, mo fi ọṣẹ fọ ìka mi. Nígbà tí Múfútáù dé, ó dúró pẹ́ níwájú àwòrán yẹn. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ó jókòó, ó fi pẹ́ńsùlù sọ àbàwọ́n náà di òjìji búta, ó sì tún wá dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Nítorí náà, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n tàn yín. Lẹ́yìn ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, mi ò lè sọ pé mi ò mọ̀.

Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan kọ́ gbọ̀ngán tuntun, wọ́n ń wá àwòrán tí wọ́n máa gbé kọ́ síbẹ̀. Wọ́n tún ní ẹni tí àwọn bá mú ni yóò máa kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wọn ní iṣẹ́ àwòrán. Wọ́n rí búta Múfútáù, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti ń sọ ọ́ káàkiri Ìgbòho pé pẹ́ńsùlù tí òun fẹ́ ṣẹ́ dànù ló ń sọ ọmọ òun di tíṣà. Àmọ́ ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ ní ọwọ́ ènìyàn ò lè ṣe irú rẹ̀, kí wọ́n lọ bi ẹni tó mọ̀ nípa iṣẹ́ náà.

Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n wá. Múfútáù wà lóko ní Ìgbòho lọ́jọ́ náà, ó ń bá ìyá rẹ̀ wa iṣu. Àwọn àgbà náà jókòó sórí àga oníbàárà, wọ́n gbé àwòrán búta lé orí itan. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ní, "Onífọ́tò, ìwọ la gbójú lé. A ò fẹ́ kí wọ́n tàn wá jẹ. Ta ló ya èyí?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo la ní nínú èdè wa. Ẹni tó fi pẹ́ńsùlù ṣe é, ó yà á. Ẹni tó fi kámẹ́rà ṣe é, òun náà yà á. Ilẹ̀kùn kan ni, ọ̀nà méjì ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo rí èyí tí mo lè gbà tí ẹnikẹ́ni ò ní pè mí ní òpùrọ́.

Mo ní, "Èmi ni mo yà á, ẹ̀yin bàbá."

Mo tan kámẹ́rà, mo fi fọ́tò búta hàn wọ́n. Búta kan náà, ìmọ́lẹ̀ kan náà, ibi tó bó lẹ́nu kan náà. Wọ́n wo kámẹ́rà, wọ́n wo ìwé, wọ́n wo ara wọn. Bàbá àgbà yẹn mirí, ó ní, "O ṣeun, ọmọ dáadáa. Àṣé olè la fẹ́ fi ṣe tíṣà." Mo ní àmín sí gbogbo àdúrà tí wọ́n ṣe fún mi kí wọ́n tó lọ. Mò ń sọ fún ara mi pé mi ò purọ́. Wọn ò bi mí pé kámẹ́rà tàbí pẹ́ńsùlù. Tí wọ́n bá bi mí ni, mi ò mọ ohun tí ǹ bá sọ.

Nígbà tí Múfútáù dé tó gbọ́, ó wá bá mi. Ó dọ̀bálẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ sọ fún wọn, sà?"

Mo ní, "Wọ́n bi mí pé ta ló ya búta. Mo ní èmi ni mo yà á. Ṣé irọ́ ni? Ṣé kì í ṣe èmi ni mo yà á fún ẹ?"

Ó wá ní, "Ẹ yà á lóòótọ́, sà." Ló bá jáde. Mo fura sí "sà" tó fi parí ọ̀rọ̀ yẹn. Mo ṣì ń fura sí i di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ká ní ibẹ̀ ló parí sí ni, bóyá ǹ bá lè máa sùn. Ìyá rẹ̀ gun ọ̀kadà wá láti Ìgbòho. Eruku ọ̀nà bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, búta ló gbé dání, búta gan-an. Oníbàárà wà nílẹ̀, ìyàwó mi wà níbẹ̀. Kò jókòó.

Ó ní, "Bàbá Kúdí, mi ò kàwé. Ọmọ mi ní ọwọ́ òun ni. Àwọn àgbà ní fọ́tò yín ni. Mi ò bá tẹnikẹ́ni wá, ẹ̀yin ni mo wá bá. Nítorí Ọlọ́run tó dá wa, ta ló yà á?"

Mo mọ ohun tó ń bi mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n sọ pé mi ò mọ̀ ọ́n. Àwọn àgbà yẹn lè ṣi ọ̀rọ̀ mi gbọ́, ìyá yìí ò ṣì í bi. Mo wo ojú àwọn oníbàárà, ojú tì mí láti yí ohùn padà.

Mo ní, "Ìyá, èmi ni mo yà á."

Ó ní, "Wàláì?"

Mo ní, "Wàláì."

Kò sunkún. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá Kúdí. Àwọn ọmọ tiyín ò ní dójú tì yín." Ó gbé búta rẹ̀, ó jáde. Mo gbọ́ pé nígbà tó délé, ó kó àwòrán iṣu, òkúta, èèpo igi èmi àti igbá tí wọ́n gán, gbogbo ìwé tí ọmọ rẹ̀ kó pamọ́ sílé, ó fi wọ́n dáná ọkà. Ó ní kó má wọ ilé òun mọ́ títí yóò fi jẹ́wọ́. Kí ni ọmọ náà fẹ́ jẹ́wọ́? Òótọ́ ló ti sọ látìbẹ̀rẹ̀. Ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Ijio, níbi tó ti ń gun ọ̀kadà, tó ń bá wọn gbé ẹrù lọ bọ̀ lẹ́nu ibodè. Wọ́n ní kò fọwọ́ kan pẹ́ńsùlù mọ́.

Lẹ́yìn tó lọ, mo fi téèpù dúdú di ibi tí kámẹ́rà mi ti sán. Ọdún ti ń gorí ọdún. Adìẹ ló bà lókùn yìí o. Ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Tí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Ìgbòho níwájú mi, màá wo ojú rẹ̀ bóyá ó ní nǹkan nínú.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá nìyí. Awakọ̀ kan tó ń ná ọ̀nà Ijio dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó gbé nǹkan pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi àpò sìmẹ́ńtì wé lé mi lọ́wọ́. Ó ní Múfútáù ló rán òun. Mo tú u. Kámẹ́rà mi ni mo rí.

Fọ́tò ni mo kọ́kọ́ pè é. Okùn rẹ̀ tí ìyàwó mi fi òwú pupa rán, ibi tí àtàǹpàkò mi ti họ àwọ̀ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ pé. Mo ní ta ló jẹ́ kó wọlé? Ta ló fi fóònù ya kámẹ́rà mi fún un? Mo fi ìbéèrè lé ìyàwó mi, mo fi lé aládùúgbò. Mo da ìbéèrè bo Kúdí ọmọ mi títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ìgbà tí mo tún un wò ni mo rí i pé kò sí téèpù. Ojú ibi tó sán là sílẹ̀ gbayawu, bó ṣe wà nígbà tí Múfútáù wà lọ́dọ̀ wa. Kò sí fóònù tó lè ya ohun tí téèpù ti bò. Orí ló fi gbé e, ọwọ́ ló fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Nísàlẹ̀ ìwé náà, ní igun, ìdọ̀tí kékeré kan wà. Mo fi aṣọ nù ún, kò kúrò. Mo gbé e sún mọ́ ojú. Àmì ìka ni, ó fi pẹ́ńsùlù yà á, ìlà ìka náà hàn wínníwínní. Ó ti mọ̀ láti ọjọ́ Jímọ̀ yẹn. Ó mọ̀ nígbà tó ń pè mí ní sà.

Awakọ̀ náà ṣì dúró. Ó ní, "Bàbá, ó ní tí ẹ bá ti wò ó tán, kí n bi yín pé ta ló yà á. Ó ní kí n gbọ́ ọ lẹ́nu yín." Mo rí fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, mo fura pé ó ń gba ohùn mi sílẹ̀. Mo ní kó máa lọ ná, kó wá gba èsì tó bá ń padà bọ̀ lọ́jọ́ ọjà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyẹn náà ni ẹ fẹ́ lọ rò?" Nígbà tó ń wọ mọ́tò ló tó rántí ìyókù ọ̀rọ̀. Ó ní ara ìyá Múfútáù ò le ní Ìgbòho, ojú rẹ̀ méjèèjì ti fọ́. Ọmọ rẹ̀ fẹ́ lọ wò ó, ìyá kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀.

Lánàá, obìnrin kan wá ya fọ́tò, ó rí àwòrán kámẹ́rà náà níbi tí mo gbé e ti ògiri. Ó ní, "Bàbá Kúdí, ẹ̀yin lẹ ya èyí?" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi, ẹnu mi ti là láti sọ pé èmi ni. Ó ti mọ́ ọn lára.

Mo wá fẹ́ fi yín kọ́ ẹnu mi ná. Múfútáù ló yà á. Búta ìyá rẹ̀, òun ló yà á. Pẹ́ńsùlù ló fi yà á, ọwọ́ rẹ̀ ni, kì í ṣe kámẹ́rà mi. Èmi ni olè.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á ní kí n gbé àwòrán yìí, kí n gba Ìgbòho lọ, kí n ki ìka ìyá náà bọ omi, kí n fi ra igun àwòrán náà, kó fi ojú ara rẹ̀ rí i pé ó dúdú. Ojú wo ló fẹ́ fi rí i? Ọ̀rọ̀ ẹnu mi nìkan ló kù tí mo lè gbé lọ bá a. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i, ọjọ́ ọjà ti sún mọ́lé. Tí mo bá kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ tí mo sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ ló yà á, tó sì tún bi mí pé, "Wàláì?", Wàláì wo ló kù lẹ́nu mi tí ó máa gbà gbọ́?